Thomas Adéoyè Lambo: Dókítà tó ní kí wọ́n má ṣe ya alárùn ọpọlọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀

Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè Yorùbá ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé tọ̀ rí ló mọ bó ṣe wúwo tó. Bí ọmọ bá ti ń dá sọ̀rọ̀ lójú pópó, ìtìjú ni yóò kọ́kọ́ mú ìyá rẹ̀, kó tó ronú kan ìwòsàn.

Ní ọdún 1954, dókítà kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 31 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, lẹ́bàá ìlú Abẹ́òkúta. Ó ṣe ohun tó ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n má ṣe ti àwọn aláìsàn òun mọ́lé, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí ẹnìkan nínú ẹbí kálukú sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Orúkọ dókítà náà ni Thomas Adéoyè Lambo.

Láti Abẹ́òkúta dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí Lambo sí Abẹ́òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní ìlú náà ló lọ, kí ó tó kọjá sí Fásitì Birmingham láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Dinah Violet Adams, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1945. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí.

Lẹ́yìn tó gboyè, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn ọpọlọ ló wù ú láti mọ̀ sí i. Ìdí nìyí tó fi tún kọrí sí London, níbi tó ti gba ẹ̀kọ́ síwájú sí i ní iléèwé ìmọ̀ àrùn ọpọlọ tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn Maudsley. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní ìlànà òyìnbó.

Kí ló wà nílẹ̀ kí ó tó dé?

Ìjọba amúnisìn ti dá ilé àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní Calabar àti Yábàá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò ni wọ́n sọ di irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Bí wọn yóò ṣe kó aláìsàn kúrò nígboro ló jẹ àwọn aláṣẹ lógún ju bí ara rẹ̀ yóò ṣe yá lọ.

Nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, àwọn mìíràn a máa fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní ilé ìjọba: oníṣègùn gbọ́ èdè aláìsàn, ó mọ ẹbí rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ilé ìwòsàn nìkan. Ní ọdún 1953, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan jáde tí dókítà J. C. Carothers kọ nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ọmọ Áfíríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀, àti pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le débi àìsàn kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Lambo wà lára àwọn tó dojú ìjà kọ irú èrò yìí, ìwádìí ló sì fi jà.

Báwo ni ètò abúlé Aró ṣe rí?

Nígbà tí Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò tíì parí kíkọ́ ilé ìwòsàn Aró, bẹ́ẹ̀ aláìsàn kò lè dúró de bíríkìlà. Ó tọ àwọn àgbà abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Abúlé mẹ́rin ló wọ inú ètò náà.

Òfin kan ṣe pàtàkì. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí ó sì mú un padà wálé ní ọ̀sán. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gba oògùn òyìnbó àti ìtọ́jú mìíràn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àárín àwọn àgbẹ̀, ọlọ́jà àti ọmọdé ni wọ́n ń sùn, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń lọ bojú tó wọn nínú abúlé.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Kò fi ewé àti egbò wọn rọ́pò oògùn tirẹ̀. Ìmọ̀ wọn nípa ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn, nípa àlá, èpè àti ọ̀rọ̀ ẹbí ló wá lọ́dọ̀ wọn, nítorí ó gbà pé ẹni tí kò mọ ohun tí aláìsàn rò pé ó ṣe òun kò lè wò ó yanjú.

Àwọn ará abúlé náà rí èrè jẹ. Wọ́n ń gba owó ilé, wọ́n rí owó yá láti fi tún ilé wọn kọ́, omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń pa ẹ̀fọn. Owó tí ìjọba ń ná lórí ètò yìí kéré sí èyí tí ì bá ná lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n èrè tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé aláìsàn kò di àjèjì sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbátan tó bá a gbé ti rí i nígbà tí ara rẹ̀ kò dá, ó sì ti rí i bó ṣe ń yá díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá padà sílé, ẹlẹ́rìí kan ti wà tó lè sọ fún ará ilé pé ara lágbájá ti yá.

Ìwádìí tó kọjá Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1961, Lambo pe àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti káàkiri Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Láàrin àkókò kan náà ní Dakar, olú ìlú Senegal, dókítà ọmọ Faransé kan, Henri Collomb, ń gba àwọn ẹbí láàyè láti bá aláìsàn gbé ní ilé ìwòsàn Fann, òun náà sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lambo darapọ̀ mọ́ Alexander Leighton àti àwọn onímọ̀ láti Fásitì Cornell, Amẹ́ríkà, láti ṣe ìwádìí lórí ìlera ọpọlọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ọdún 1963 ni ìwé wọn jáde. Nígbà tí wọ́n fi èsì náà wé ti agbègbè kan ní Kánádà, ìjọra tí wọ́n rí pọ̀ ju ìyàtọ̀ lọ. Àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ní kò wọ́pọ̀ láàrin ọmọ Áfíríkà hàn gbangba láàrin Yorùbá.

Ìbàdàn àti Geneva

Ní ọdún 1963 náà ni Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì Ìbàdàn. Ó di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì jẹ gíwá fásitì náà láti 1968 sí 1971. Ìgbà náà kò rọgbọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, nígbà ìfẹ̀hónúhàn nínú ọgbà fásitì, ọ̀rọ̀ náà sì mi gbogbo Nàìjíríà tìtì.

Lọ́dún yẹn kan náà, Lambo kọjá sí àjọ WHO ní Geneva. Láti 1973 títí di 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ tó tẹ ìwé Carothers jáde ní 20 ọdún ṣáájú. Ìgbà tó wà níbẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò ní Alma-Ata, ní ọdún 1978, pé ìlera gbọ́dọ̀ sún mọ́ àwọn ará ìlú, àti pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lè ní ipa tiwọn níbẹ̀.

Kí ló ṣẹ́kù?

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gba ti Lambo. Àwọn kan bẹ̀rù pé bí dókítà bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú oníṣègùn ìbílẹ̀, ó ń bu ọlá fún àwọn tó ń de aláìsàn mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń nà wọ́n. Ètò abúlé náà kò sì wà títí bó ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgboro ń fẹ̀ sí i, iṣẹ́ oṣù kò sì jẹ́ kó rọrùn fún ìbátan láti pa gbogbo nǹkan tì kí ó lọ jókòó ti aláìsàn.

Lambo kú ní oṣù Kẹta ọdún 2004, ní ẹni 80 ọdún. Ilé ìwòsàn Aró ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin tó ṣẹ́kù láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Lára ohun tí òfin náà ń fẹ́ ni pé kí ìtọ́jú wà láàrin àwùjọ tí aláìsàn ń gbé. Àwọn ìyá tó gbé ìkòkò àti ẹní wọn tẹ̀lé ọmọ wọn dé abúlé Aró ti ṣe irú ìtọ́jú yẹn ní nǹkan bíi 70 ọdún ṣáájú.