Tom Bullock, Agbọ́tí Tí Ó Kọ Ìwé Sílẹ̀

Láàárín àwọn Yorùbá, ẹni tí ó ń gbọ́tí fún àwọn àgbà kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ lásán. Ó ní láti mọ ẹni tí igbá kọ́kọ́ kàn, kí ó mọ ìwọ̀n tí ó tó ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tọ́ ọtí wò kí ẹlòmíràn tó fi kan ẹnu, kí ọkàn àwùjọ lè balẹ̀. Agbọ́tí ọba a máa gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìjòyè kò gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ipò ọlá ni, ìdè sì wà nínú rẹ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ gan-an ni Tom Bullock lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun sì ni agbọ́tí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà tí ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀ tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni a bí i sí ní 1872. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí. Ìparí ọdún 1865 ni òfin tó tú àwọn ẹrú Kentucky sílẹ̀. Nítorí náà, ọdún méje péré ni òmìnira fi ṣáájú ọmọ náà dé ayé. Ilẹ̀ wísíkì ni Kentucky, èyí tí wọ́n ń pè ní bourbon. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, bí àwọn ìyá wa ti ń fi àgbàdo ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé àwọn ará Kentucky kì í mu ún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá ti kan, wọ́n á gbé e kaná kí ooru rẹ̀ gòkè, kí ooru náà sì tún di omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn Ìlàjẹ ti ń ṣe sí ẹmu kí ó tó di ògógóró. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi óákù tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ dúdú. Inú àgbá yìí ni ó ti ń gba àwọ̀ pupa àti adùn, fún ọdún bí i mélòó kan. Láyé ìgbà tí Tom wà ní ọ̀dọ́, àwọn oníṣòwò kan ń lú ọtí, wọ́n ń fi nǹkan kùn ún láwọ̀ kí ó lè dà bí èyí tí ó ti gbó. Èyí ni ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1897 pé èyí tí ó bá gba òǹtẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ ti lo ó kéré tán ọdún mẹ́rin nínú àgbá, kí líle rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́.

Ní Louisville yìí kan náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ òyìnbó ti dá ẹgbẹ́ Pendennis sílẹ̀ ní 1881, ibẹ̀ sì ni Tom ti ṣiṣẹ́ agbọ́tí. Òun ni ó ń pò ọtí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó mu ún níbẹ̀. Kò sí adúláwọ̀ tí ó lè di ọmọ ẹgbẹ́ náà.

Ẹgbẹ́ Pendennis yìí ti fọ́nnu pé ilé àwọn ni a ti kọ́kọ́ pò ọtí tí wọ́n ń pè ní Old-Fashioned, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọtí ti àtijọ́. Ìfọ́nnu náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti 1806 ni ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ìpínlẹ̀ New York, ti ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé ọtí líle, ṣúgà, omi àti bítáàsì ni a ń pò pọ̀ di cocktail. Nígbà tí ó yá, àwọn agbọ́tí bẹ̀rẹ̀ sí í fi onírúurú ọtí dídùn láti ilẹ̀ Faransé àti ibòmíràn kún un, bí obìnrin tí ó ń fi gbogbo ohun tí ó wà nínú àkéte sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn àgbà mutí kò fara mọ́ ọn. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè, orúkọ náà sì mọ́ ọtí náà lára. Ìwé ìròyìn kan ní Chicago ti dárúkọ rẹ̀ ní 1880, ọdún kan kí a tó dá ẹgbẹ́ Pendennis sílẹ̀ rárá. Kàkà kí ẹgbẹ́ náà fi ọtí tí wọn kò dá sílẹ̀ yangàn, ìbá sàn kí wọ́n fi agbọ́tí wọn yangàn.

Láti Louisville ni Tom ti ṣí lọ sí ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, tí ó di agbọ́tí ní St. Louis Country Club. Níbẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ibi tí kò rò. Ní oṣù kẹwàá 1912, olóòtú ìwé ìròyìn kékeré kan ní Michigan, George Newett, kọ ọ́ síta pé ọ̀mùtí ni Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ti ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1901 sí 1909. Roosevelt pè é lẹ́jọ́ fún ìbanilórúkọjẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1913, ó dúró níwájú adájọ́, ó ń ka ìwọ̀nba ọtí tí ó ti mu láyé rẹ̀. Ó dórí ife julep kan tí wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ ní St. Louis, ó sì ní òun kàn fi ẹnu kàn án ni. Ó jàre ẹjọ́ náà; sẹ́ǹtì mẹ́fà péré ni owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn St. Louis Post-Dispatch kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ àròkọ olóòtú pé ẹni tí ó bá sọ pé òun gbé julep tí Tom pò sílẹ̀ láìmu ún tán, kí ó wá ibòmíràn tí wọ́n á ti gbà á gbọ́. Báyìí ni a ṣe fi ọmọ ẹrú jẹ́rìí lòdì sí Ààrẹ àná, tí ẹnikẹ́ni kò sì pe ọmọ ẹrú náà sílé ẹjọ́.

Ní 1917 ni ìwé rẹ̀ jáde, The Ideal Bartender ni ó pè é. George Herbert Walker, oníbáǹkì olówó ńlá, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ọmọ-ọmọ Walker yìí, George Bush, ni ó di Ààrẹ ní 1989. Walker jẹ́rìí pé òun kò rò pé ọwọ́ Tom ti ṣì rí nínú ọtí kan. Ọ̀nà tí a gbà pò ọtí 173 ni ó wà nínú ìwé náà. Tom yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jíjókòó ní ilé ẹgbẹ́, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí ó dára. Kí ènìyàn rò ó wò: oníṣẹ́ ọwọ́ ń kọ́ oníbàárà bí yóò ṣe máa ṣe é láìsí òun.

Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún Old-Fashioned kò le. Nínú ife kúkúrú ni a ó ti yọ́ hóró ṣúgà kan pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ̀kán bítáàsì méjì ni yóò tẹ̀ lé e. Dókítà ará Jámánì kan, Siegert, ni ó kọ́kọ́ ṣe bítáàsì Angostura ní Venezuela ní 1824, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Trinidad ní 1875. Egbò àti ewé kíkorò ni, ẹni tí ó bá ti mu agbo rí kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkúta yìnyín kan àti bourbon ìwọ̀n kan àbọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo bí i mílílítà 60. A ó lọ́ èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù lórí ife kí òróró rẹ̀ lè ta sí i, a ó sọ èèpo náà sínú rẹ̀, a ó sì rò ó dáadáa. Èèpo ọsàn ni àwọn ará ìsinsìnyí sábà máa ń lò; ti Tom mú jù.

Julep ni tirẹ̀ gan-an. Kọ́ọ̀pù fàdákà ńlá ni ó ń lò fún un, ṣúgà tí a fi omi díẹ̀ yọ́, yìnyín fífọ́ wẹ́wẹ́ dé ẹnu, bourbon ìwọ̀n méjì, kí a rò ó, kí a sì wá fi ìdì ewé mint sí i. Ìbátan ẹ̀fínrín ni ewé yìí, òórùn tútù ni ó ní. Àwọn agbọ́tí mìíràn a máa fi ọmọrí tẹ̀ ẹ́. Tom kìlọ̀ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ewé náà rẹ́ rárá, nítorí imú ni ó wà fún, kì í ṣe ahọ́n. Ẹni tí ó ti gún ẹ̀fínrín rí mọ̀ bí òórùn rẹ̀ ti ń yí padà sí kíkorò.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa ìgbésí ayé ẹni tí ó kọ ọ́ láàárín gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀, ọdún burúkú ni ọdún náà. Ní 1916, àwọn olùdìbò St. Louis ti fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí adúláwọ̀ má ṣe kó lọ sí àdúgbò tí òyìnbó pọ̀ sí. Ní oṣù keje 1917, ní East St. Louis, ní òdìkejì odò Mississippi, àwọn òyìnbó dáná sun ilé àwọn adúláwọ̀, wọ́n sì pa wọ́n ní ìgboro. Ìjọba ka òkú adúláwọ̀ 39, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn kò lè ka ìwé náà tán kí ó má bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí agbọ́tí náà ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ó ti ń to ife síwájú wọn.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kìíní 1920, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ọtí tàbí tà á ní gbogbo Amẹ́ríkà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, nítorí ìjọba amúnisìn ka ògógóró léèwọ̀ ní Nàìjíríà bákan náà, àwọn ènìyàn sì ń pọn ọ́n nínú igbó. Olówó tí ó ti kó ọtí pa mọ́ sílé ń mu ún lọ láìsí wàhálà. Agbọ́tí ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi fagi lé òfin náà ní oṣù kejìlá 1933, Tom ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò sí ìwé kejì. Ó wà láàyè títí di 1964, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà.

Ní 2001 ni wọ́n tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kà á láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì yọ́ hóró ṣúgà kan nínú ife gẹ́gẹ́ bí Tom ti ní kí a ṣe é.