Thomas More Mímọ́, Ẹni Tí Kò Fi Ìbúra Ṣeré

Òfin kejì nínú Òfin Mẹ́wàá kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ pe orúkọ Olúwa lásán. Ẹni tí ó bá búra ń pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Thomas More gba èyí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pàdánù ipò, ọrọ̀ àti ẹ̀mí rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i ní ọdún 1478. Amòfin ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Oxford, ó sì kọ́ṣẹ́ òfin. Ó rò ó láti di mọ́ǹkì, ó sì bá àwọn mọ́ǹkì Chartreux gbàdúrà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ni ó yàn. Ó bí ọmọ mẹ́rin, ó sì mú kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin.

Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, ọba fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n jọ ń rìn nínú ọgbà More ní Chelsea. Ọkọ ọmọ rẹ̀ yọ̀ sí i, ṣùgbọ́n More sọ fún un pé bí orí òun bá lè ra ilé olódi kan ṣoṣo fún ọba ní ilẹ̀ Faransé, orí náà yóò kúrò lọ́rùn òun. Ní ọdún 1529, nígbà tí Kádínálì Wolsey pàdánù ojú rere ọba, More ni a fi èdìdì ìjọba lé lọ́wọ́. Ní ipò yìí, ó le mọ́ àwọn tí Ìjọ kà sí aládàámọ̀, a sì sun mélòó kan nínú wọn níná. Ìtàn kò fi èyí pamọ́, àwa náà kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́.

Ọba ń wá ọmọkùnrin tí yóò jogún ìtẹ́. Ó fẹ́ kí Póòpù tú ìgbéyàwó òun àti Ayaba Catherine ká, kí òun lè fẹ́ Anne Boleyn. Póòpù kò gbà. Ọba bá gba àṣẹ lórí Ìjọ ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí àwọn àlùfáà tẹrí ba fún un, ní oṣù karùn-ún ọdún 1532, More dá èdìdì padà, ó sì lọ jókòó sílé láìbú ọba.

Ní ọdún 1534, a pè é láti búra. Ó gbà pé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè yan ẹni tí yóò jọba, ṣùgbọ́n ìbúra náà tún kọ àṣẹ Póòpù sílẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni tí ó búra lẹ́bi. Wọ́n tì í mọ́lé ju ọdún kan lọ. Alice ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Margaret, ọmọ tí ó fẹ́ràn jù, bẹ̀ ẹ́. Kò yí padà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1535, Richard Rich búra ní ilé ẹjọ́ pé More ti tako oyè ọba létí òun. More sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé irọ́ ni. Báyìí ni ìbúra ẹlòmíràn ṣe pa ẹni tí kò fẹ́ búra èké. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Ní ọdún 1935, Póòpù Pius Kọkànlá kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Ní ọdún 2000, Póòpù John Paul Kejì fi í ṣe alágbàwí àwọn olóṣèlú. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ni a ń ṣe ìrántí rẹ̀ pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù John Fisher, tí a pa ní ọdún kan náà.

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, bí a bá pè ọ́ láti jẹ́rìí ní kóòtù, tàbí láti fọwọ́ sí ìwé tí o mọ̀ pé kì í ṣe òtítọ́, rántí ẹni tí ìwọ ń pè ní ẹlẹ́rìí.