Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti Àdúrà ní Èdè Wa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ wá bá wa yọ̀, kò tọ́ kí a ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa kí a má rántí ẹni tí ó la ọ̀nà tí àwa ń rìn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ní ọjọ́ Àjíǹde, a ń ṣe Àmín sí ìbùkún tí a gbọ́ ní èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Ẹ̀bùn yìí kò ṣàdédé tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a gbé bí Àjàyí. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà. A kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, a sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. A ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi fi í sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni a sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ àlùfáà ní London.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń fi wàásù, nítorí náà ó dà bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsìn parí, àwọn ènìyàn dáhùn bí a ti ń dáhùn ìre nínú ilé wa, pé kí ó ṣẹ.

Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó sì wá a wá ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn. Ìyá yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àdúrà bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìbá máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láìmọ ohun tí ọmọ náà ń tọrọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ó wà nínú àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí a fún un, nítorí òun ni ìyá Sámúẹ́lì.

Ní ọdún 1850 ni Ìwé Àdúrà tí ó túmọ̀ jáde. Kò gbé ọ̀rọ̀ àjèjì kà wá lórí. Àdúrà àti àlùfáà ti wà lẹ́nu àwọn Yorùbá tí í ṣe Ìmàle, ó sì mú wọn lò. Ní ọdún 1851 ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá fún Ọbabìnrin Victoria, ohùn èdè wa sì dùn mọ́ ọba náà. Ní ọjọ́ àjọ̀dún Pétérù Mímọ́, ọdún 1864, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn dúdú Áfíríkà ní Ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1884 òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ parí odindi Bíbélì.

Ogbó rẹ̀ kò ṣàìní ìbànújẹ́. Ní ọdún 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó dé sí Niger dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ó fi ipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò fi Olúwa rẹ̀ sílẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń múra àìsùn ọdún tuntun.

Ẹ̀yin òbí, ìwé àdúrà tí a fi ìyà rà kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ sínú àpótí di ọjọ́ Ìsinmi. Kí a máa pe àwọn ọmọ wa jọ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kí a sì máa súre fún wọn ní èdè tí wọn yóò rántí ní ilẹ̀ òkèèrè. Kí Ọlọ́run tí ó mú Àjàyí padà bọ̀ wá ilé kí ó bùkún ilé gbogbo wa. Àmín.