HERBERT MACAULAY ÀTI Ọ̀RỌ̀ ILẸ̀ ÀPÁPÁ

  Nínú ìwé àjọ̀dún tọdún yìí, ìtàn Herbert Macaulay ni mo mú wá. Ẹni tó bá ti ná náírà kan rí, ìbáà jẹ́ ti oníwèé tàbí ti onírin, ti rí ojú rẹ̀: bàbá tí irun orí ètè rẹ̀ gùn síta lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú. Èmi fẹ́ ká mọ̀ ọ́n nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi owó àjọ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sétí títì, tí a kò sì mọ ohun tí à á ṣe bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Abigail ìyá rẹ̀, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọmọ tí ìyà ń jẹ. Ìjọba ló rán an lọ sí Plymouth nílùú òyìnbó ní 1890 láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ìjọba l'Ékòó. Ibẹ̀ ló ti rí inú ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ á mọ ẹni tó ni ín, á mọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á sì mọ ẹni tí wọ́n gbé e fún. Ìjà dé láàárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó ń wọn ilẹ̀ fún ara rẹ̀.

Mi ò ní fi pamọ́ fún yín pé Macaulay kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi kú, òun ni kò sì jẹ́ kó lè du ipò aṣòfin láéláé.

Ọdún 1913 yìí kan náà ni ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Àwọn Ìdẹ́jọ ni olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ l'Ékòó, Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ni. Òfin 1903 fún ìjọba láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí wọ́n sanwó. Lórí iye tí wọ́n máa san ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní láti ọjọ́ tí Ọba Dòsùnmú ti fi Èkó lé ọwọ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, ilẹ̀ ti di ti òyìnbó, pé alábòójútó lásán ni Olúwa, ìwọ̀nba owó ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó gbà pẹ̀lú wọn. Àwa tí à ń tà tí à ń rà, ẹ wò ó ná: bíi kí ẹnì kan kó gbogbo àpò ẹ̀wà yín lọ, kó wá san owó alábàárù nìkan ni.

Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọ̀dọ̀ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà fún gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Macaulay ló bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó ní òótọ́ ni pé àṣẹ lórí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n fífi ìlú lé òyìnbó lọ́wọ́ kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ rẹ́. Ẹbí àti àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè ń ṣojú fún wọn ni, torí náà kí ìjọba sanwó bí ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ gidi, kì í ṣe owó ìṣákọ́lẹ̀. Ìdájọ́ yìí di ohun tí àwọn lọ́yà ń tọ́ka sí káàkiri ayé, títí dé Kánádà àti Ọsirélíà, níbi tí àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ náà ti ń bá ìjọba fà á.

Ó ná ẹlòmíràn ní nǹkan o. Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, dání lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde níbẹ̀ nípa ipò Ẹlẹ́kọ̀ bí ìjọba nínú, wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ̀ sọ pé òun kò mọ̀ sí i. Èyí tó sọ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá fawọ́ owó oṣù àti àpọ́nlé wọn sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Macaulay kò sinmi, ẹjọ́ tún dé Privy Council, ọdún 1931 ni ọba tó padà wálé, ó sì wàjà lọ́dún kejì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí àwọn kan á bi mí pé ẹ̀tọ́ Olúwa yẹn ṣì wà bí? Kò wà tán bó ṣe wà. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ lónìí, ohun tí òfin ní kí wọ́n san ni owó ilé, owó ohun tí a ṣe síbẹ̀ àti owó irè oko. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á. Lójú tèmi, ẹbí onílẹ̀ pàdánù níbẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò lè kàn dédé wá. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ ní ìwé, iṣẹ́ ìlú ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́: ní 1991 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá a nínú ẹjọ́ Osho pé gómìnà kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kó lọ gbé e fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Ìwé òfin 1999, abala 44, sì ní kí wọ́n tètè sanwó, pé ẹni tí owó náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí kóòtù. Ìyá tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, ẹ tọ́jú rìsíìtì bulọ́ọ̀kù àti páànù yín, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá sì wá ka ilé, kí ẹ rí i pé orúkọ yín ni wọ́n kọ, kì í ṣe ti àbúrò ọkọ.

Ní 1923 Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, àwọn obìnrin ọjà sì wà lára àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ìyá Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wurà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, ló ṣáájú wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò lọ sí Olúwọlé láàárín àwọn ọdún 1930, ìyá yìí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé, àwọn obìnrin ọjà yòókù tú síta, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀. Ní 1940 tí owó orí kan obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ, wọ́n tún jáde, ìjọba sì gbé e dé £200.

Ní 1944 tí wọ́n dá NCNC sílẹ̀, Macaulay ni ààrẹ, Nnamdi Azikiwe sì ni akọ̀wé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń yíká orílẹ̀-èdè. Kano ni àìsàn ti dá a dúró, wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946.

Akọ̀wé ẹgbẹ́