Gary Kildall àti Owó Tí Oníbàárà Kò Rí

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, Bill Gates ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Gary Kildall ti wà níbẹ̀ ṣáájú.

Seattle ni wọ́n bí i sí ní 1942. Ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Monterey nígbà tó ṣẹ̀dá PL/M, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní 1974, ó kọ CP/M, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lónìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Dorothy, ló dá Digital Research sílẹ̀ láti máa tà á.

Ní 1980, IBM wá bá wọn, àdéhùn kò wọ̀. Microsoft ló gba iṣẹ́ náà. Kildall kò káwọ́ gbera. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé DR DOS jáde kí ó lè bá MS-DOS du ọjà. Àmọ́ Microsoft bá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa sanwó MS-DOS lórí gbogbo ẹ̀rọ tí àdéhùn náà kàn, ì báà má sí MS-DOS nínú rẹ̀. Ta ni yóò tún wá san owó DR DOS lé e? Oníbàárà rò pé ọ̀fẹ́ ni. Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ẹ̀rọ, wọ́n sì ti bá a yàn kó tó dé ìsọ̀.

Kildall kú ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1994, ní ẹni ọdún 52. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Microsoft gbà fún ìjọba Amẹ́ríkà pé òun yóò fòpin sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé kò rí i. Bí a bá ra kọ̀ǹpútà tuntun tí gbogbo nǹkan ti wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa béèrè ẹni tó bá wa yàn án.