Al-Khwarizmi: Mùsùlùmí Tí Orúkọ Rẹ̀ Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò kan àwọn tó ṣáájú wa nínú ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn ẹnì kan yẹ̀ wò, ẹni tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ láìfura.

Muhammad ọmọ Musa ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 780. Al-Khwarizmi tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí ará Khwarizm, ilẹ̀ kan ní gúúsù Òkun Aral. Bàgídáádì ló ti ṣiṣẹ́, ní Ilé Ọgbọ́n, láyé Kálífà al-Ma'mun tó jọba láti 813 di 833.

Kálífà yìí ló gbà á níyànjú kí ó kọ ìwé ìṣirò tí yóò wúlò fún ogún pípín, òwò àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Ẹ rántí pé bí a bá ṣi ogún pín, ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn la jẹ. Nínú àkọlé ìwé náà ni al-jabr wà, èyí tí àwọn òyìnbó sọ di aljẹ́brà.

Ẹ wo ìbéèrè kan nínú rẹ̀: nọ́ńbà wo la ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a ó fi ìlọ́po 10 rẹ̀ kún un, tí yóò jẹ́ 39? Ó ní ká pín 10 sí méjì, ó di 5. Ká sọ 5 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ó di 25. Ká fi 25 kún 39, ó di 64. 8 lọ́nà 8 ló ń jẹ́ 64. Ká yọ 5 kúrò nínú 8, ó ku 3. Òótọ́ ni: 9 àti 30 jẹ́ 39. Kò sì fi mọ síbẹ̀. Ó ya àwòrán onígun mẹ́rin láti fi ìdí rẹ̀ hàn: 25 yẹn ni igun tó ṣófo, tí a dí kí àwòrán náà lè pé.

Ó tún kọ ìwé lórí nọ́ńbà àwọn ará Íńdíà, èyí tó ní òdo nínú. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì, orúkọ rẹ̀ di Algoritmi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà algorithm ti wá: ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ léra wọn, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti yanjú iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lókè yìí.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 850. Kò tijú láti kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà. Kí àwa náà má ṣe sá fún ìṣirò. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.