Winston Churchill: Ọmọ Tí Bàbá Rẹ̀ Rò Pé Kò Ní Wúlò

Kò sí òbí tí àyà rẹ̀ kì í já tí lẹ́tà bá ti ilé-ìwé dé pé ọmọ ò ṣe dáadáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á ní àìsí nílé òun ló fà á. Ẹni tó kó ọmọ wá láti ilé á ní bóyá òun ì bá ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun. Tó bá yá, ẹ̀bi tí a ń dá ara wa á di ìbínú, orí ọmọ la ó sì sọ ọ́ lé. Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ gbọ́ ìtàn Winston Churchill ná.

Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn bàbá wa lọ jagun Bọ́má. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ojú tí bàbá tó bí i fi wò ó.

Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1874 ni wọ́n bí i sí ààfin Blenheim. Olóṣèlú ńlá ni Lord Randolph, bàbá rẹ̀. Ó di mínísítà ètò ìṣúná lọ́dún 1886, àmọ́ kò tó oṣù mẹ́fà tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Jennie, ìyá rẹ̀, òde ò sì sú u. Owó wà, orúkọ wà, àyè láti jókòó ti ọmọ ni kò sí. Obìnrin kan tí wọ́n gbà síṣẹ́, Elizabeth Everest, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló ń rojọ́ fún.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé kan ní Ascot, tí ọmọ ti ń gbébẹ̀. Ẹgba ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, nínà tó ń dá egbò sára. Rípọ̀ọ̀tù rẹ̀ ò dáa rárá: apẹ́lẹ́yìn ni, aláìgbọràn ni. Lọ́dún 1884, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n mú un lọ sí Hove, lẹ́bàá Brighton, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjì kan tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ibẹ̀ lara ti tù ú díẹ̀, tó ń ka ìtàn, tó ń gun ẹṣin, tó ń lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, lẹ́tà ló ń kọ ṣáá, tó ń bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo òun. Ìgbà kan wà tí bàbá rẹ̀ wá sí Brighton gan-an fún ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún 1888, ó wọ ilé-ìwé Harrow, kíláàsì ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì fi í sí. Èdè Látìn kò wọ̀ ọ́ lórí. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo yìí ka ewì tó tó 1,200 ìlà lórí láìwòwé, ó sì gbẹ̀bùn. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Somervell ló sì kọ́ òun àtàwọn tó wà nísàlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi wọ̀ wọ́n lára.

Ó wá fẹ́ wọ ilé-ìwé àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ní Sandhurst. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, ibi kan náà ló já sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, lọ́dún 1893, ó yege, àmọ́ máàkì rẹ̀ ò ju ti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin lọ. Tayọ̀tayọ̀ ló fi kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Èsì tó gbà kì í ṣe ti oríire. Bàbá ní ìwà àìbìkítà rẹ̀ ló hàn yẹn, pé bí kò bá yí padà, ọmọ tó fayé ṣòfò ló máa dà. Ara bàbá fúnra rẹ̀ ò yá nígbà náà. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1895 ló kú, lẹ́ni ọdún 45. Winston jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Wọn ò rójú sọ ọ́ yanjú.

Ọdún yẹn náà ni Everest kú. Winston sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó dákẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ ló sì sanwó òkúta ibojì rẹ̀. Ọmọ ò gbàgbé ẹni tó wá wò ó.

Lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń ṣe ṣọ́jà ní Íńdíà, òun fúnra rẹ̀ ní kí ìyá òun máa fi ìwé ránṣẹ́. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ló fi ń kàwé lójúmọ́. Ó wọ ilé aṣòfin lọ́dún 1900. Ó kọ ìtàn ayé bàbá rẹ̀ jáde lọ́dún 1906. Ó di olórí ìjọba lọ́dún 1940, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìwé kíkọ lọ́dún 1953.

Síbẹ̀, ọgbẹ́ yẹn ò jinná. Lọ́dún 1947, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kọ ìtàn kan sílẹ̀ nípa bó ṣe ń kun àwòrán bàbá rẹ̀, tí bàbá náà sì yọ sí i lórí àga. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí, àmọ́ bàbá pòórá kó tó mọ ohun tí ọmọ òun dà láyé. Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1965 lòun náà kú, ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú gẹ́lẹ́.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú gbogbo nǹkan. Ojú tó fi wo àwa aláwọ̀ dúdú ò dáa, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn tí kò ní ṣí fún ọmọ tiwa. Fífìdí rẹmi kọ́ ló sọ ọ́ dèèyàn ńlá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ràn án lọ́wọ́: wọ́n gbà á kúrò níbi tí wọ́n ti ń lù ú, ó bá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ pàdé, ó sì ní ẹnì kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Dídá ara wa lẹ́bi ò lè ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́ta yẹn. Tí ilé-ìwé bá pe ìpàdé òbí, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí ẹ lọ. Ẹ bi olùkọ́ léèrè ibi tó ti ń le fún ọmọ àti ibi tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ilé-ìwé ìjọba ní olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì. Ẹ béèrè rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Tí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín. Ohun tí a bá fi ìbínú sọ, ọmọ lè gbé e títí di àádọ́rin ọdún.